Ojú Ọ̀tún Yàtọ̀ sí Ojú Òsì

Gíláàsì kékeré kan wà níwájú ojú ọ̀tún ẹni tó ń wa hẹlikópítà Apache. Ara akoto tó dé sórí ni wọ́n so ó mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, inú gíláàsì yìí ló ti ń rí igi, òkè àti wáyà iná, tó sì tún ń ka bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bó ṣe ga tó àti ibi tó kọjú sí. Ojú òsì kò ní gíláàsì. Òkùnkùn gidi tó wà níta lòun ń wò, òun náà ló sì ń bojú wo àwọn iná inú ọkọ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá ti dúró ti onílù dùndún á mọ irú iṣẹ́ tí mò ń sọ. Ọwọ́ kan ń fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, ìkejì ń fún ọsán, ọ̀kan kì í dúró de ọ̀kan. Àmọ́ ti ojú le ju ti ọwọ́ lọ, torí ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa ni ojú méjèèjì ti jọ ń rìn. Orí máa ń fọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Apache gan-an níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó tún dá kún un ni pé kámẹ́rà tó ń ríran lóru kò sí níbi tí ojú awakọ̀ wà. Ẹ̀yìn, níbi tó ga, ni awakọ̀ jókòó sí. Ayìnbọn wà níwájú rẹ̀. Kámẹ́rà sì wà ní imú ọkọ̀, níwájú àwọn méjèèjì àti nísàlẹ̀ wọn. Ó dà bí ìgbà tí ojú èèyàn bá wà ní orúnkún rẹ̀. Láti kọ́ wọn, wọ́n á bo fèrèsé akẹ́kọ̀ọ́ pa lọ́sàn-án gangan, olùkọ́ nìkan ni yóò máa rí ìta. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ọkọ̀ náà dìde, á fò ó, á sì bà á sílẹ̀, ohun tó wà nínú gíláàsì yẹn nìkan ni yóò sì fi ríran.

Ìbọn ọkọ̀ náà, tí ọta rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 30, wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè yin ọta tó lé ní 600 ní ìṣẹ́jú kan. Bí orí bá ṣe yí ni ìbọn náà ń yí, bí iná tí ọdẹ dè mọ́rí ṣe ń tẹ̀ lé ojú ọdẹ. Ohun ìjà ni, ikú ló ń gbé kiri. N kò ní fi ìyìn iṣẹ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1975 ni Apache kọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà. Panama, lọ́dún 1989, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í jagun. Àmọ́ òru ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1991 lèmi máa ń rántí. Apache mẹ́jọ, tí Richard Cody jẹ́ ọ̀gá wọn, gbéra láti Saudi Arabia lọ fọ́ ibùdó rédà méjì ní aṣálẹ̀ Iraq, kí àwọn bàálù ogun tó ń lọ sí Baghdad lè rí ọ̀nà kọjá. Ọ̀nà náà jìn, wọ́n bá gbé táǹkì epo kọ́ ibi tó yẹ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ohun tí Apache ìgbà yẹn fi ń mọ̀nà máa ń ṣìnà díẹ̀díẹ̀ lórí iyanrìn tí kò ní àmì. Àwọn hẹlikópítà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Pave Low ló ń ṣíwájú wọn, torí àwọn yẹn ń fi sátẹ́láìtì mọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti fi àdéhùn sí, àwọn ará Pave Low ju ìdì ọ̀pá rọ́bà sílẹ̀, irú èyí tí èèyàn máa ń ṣẹ́ kó tó tàn. Apache kọ̀ọ̀kan fò kọjá lórí ìmọ́lẹ̀ náà, ó tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ̀ síwájú. Wọn ò sọ̀rọ̀ lórí rédíò lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni iṣẹ́ náà gbà, gbogbo wọn ló sì padà sílé. Ìdì iná rọ́bà yẹn dùn mọ́ mi ju mísáìlì wọn lọ.

Kì í ṣe gbogbo òru ló rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2003, nítòsí Karbala ní Iraq, iná ìlú kú lẹ́ẹ̀kan, ó tún tàn, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ibi gbogbo. Nínú nǹkan bí 30 Apache tó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí ọta ò bà. Ọ̀kan balẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n sì mú àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù fi ọkọ̀ tó ti lu ihò wálé, mi ò sì mọ ìdánwò awakọ̀ tó ju ìyẹn lọ.

Apache kò ní àyè èrò. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní 2007, ní Helmand ní Afghanistan, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ẹnì kan nínú wọn, Mathew Ford, ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn ní ibi odi Jugroom. Ọkùnrin mẹ́rin so ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ Apache méjì, méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá já ni wọ́n ṣe irú ìdè bẹ́ẹ̀ fún, kí wọ́n lè fi gbé e kúrò lójú ogun. Àwọn wọ̀nyí fi í wọ ojú ogun lọ ni. Àwọn awakọ̀ fò nílẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì bà sáàárín ìbọn. Ford ti kú. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà láàyè, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé.