Látìn Lórí Tábìlì Oúnjẹ

Àbúrò mi obìnrin kan, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ó di ìwé sínú àpótí tí ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí: àbígbẹ̀yìn jẹ́ ọmọ ọdún 6, èyí tí ó tẹ̀ lé àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 9, àkọ́bí sì jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ó ti yọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ó fẹ́ máa kọ́ wọn fúnra rẹ̀ nílé. Ẹ̀kọ́ tí ó ní lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀kọ́ yẹpẹrẹ. Ẹ̀kọ́ Kristẹni tí a gbé ka orí ọgbọ́n àtijọ́ àwọn Gíríìkì àti Róòmù ni, tòun ti Látìn àti lọ́jíìkì. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yẹ ìwé wọ̀nyí wò bí ẹ ti máa ń yẹ ìwé ìtàn àròsọ wò. Ẹ má wo ojú mi."

N kò wo ojú rẹ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ̀ pé òfin kò dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 1994 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Texas dá a pé ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ tọkàntọkàn, tí ó sì ní ìwé tí ó ń tẹ̀ lé, kò yàtọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ìwà ọmọ ìlú rere ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyókù kù sí ọwọ́ òbí. Òmìnira ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní kí ó mú ohun tí ó wù ú nínú ọjà lè dúró sí àárín ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ìwé tí púpọ̀ nínú àwọn ètò ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí ni àròkọ kúkurú kan, The Lost Tools of Learning, tí Dorothy Sayers kà fún àwọn olùkọ́ ní Oxford ní ọdún 1947. Òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin yìí. Ó ní ìgbà mẹ́ta ni ọmọ ń là kọjá. Ní ìgbà kìíní, odídẹrẹ́ ni: ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò wí tẹ̀ lé e, àkọ́sórí a sì máa dùn mọ́ ọn. Ní ìgbà kejì, aláròyé ni, àgbà kò lè sọ̀rọ̀ kí ó má jiyàn. Ní ìgbà kẹta, akéwì ni, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé inú ara rẹ̀ jáde. Gírámà ni ẹ̀kọ́ odídẹrẹ́, lọ́jíìkì ni ti aláròyé, ọgbọ́n ìlò ọ̀rọ̀ sì ni ti akéwì.

Àròkọ náà dùn ún kà, kò sì sí ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ rí tí kò ní rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá kan odídẹrẹ́. Ṣùgbọ́n Sayers fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìrírí òun nínú iṣẹ́ olùkọ́ kò tó nǹkan. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà jẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní Látìn nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 7. Mo ní kí àbúrò mi fi àmì sí ibẹ̀. Ohun tí ó rọ bàbá kan àti ọmọ kan lọ́rùn lè wọ ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta lọ́rùn.

Ìwé kejì mọ̀ pé ẹrù náà wúwo. Jessie Wise, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ní Virginia ní ọdún 1973, àti ọmọ rẹ̀ Susan Wise Bauer ni ó kọ The Well-Trained Mind, tí ó jáde ní ọdún 1999. Àbúrò mi rò pé ìwé ẹ̀sìn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òbí ni ìwé náà fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí. Ohun tí ó fún ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ni ètò ìtàn ọlọ́dún mẹ́rin. Ọdún kìíní kó láti 5000 ṣáájú Kristi dé 400 lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kejì, 400 dé 1600. Ọdún kẹta, 1600 dé 1850. Ọdún kẹrin, 1850 títí di òní. Bí ó bá parí, a tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́nà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi yìí ni mo ti fìlà fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ Íjíbítì, gbogbo ilé ni yóò wà ní Íjíbítì. Èyí àbígbẹ̀yìn yóò gbọ́ ìtàn odò Náílì, yóò sì fi yà àwòrán. Ọmọ ọdún 9 yóò kà á, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, yóò wá kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọ́bí yóò béèrè ìdí tí ọba fi lè kó odindi ìlú jọ láti kọ́ ibojì. Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí mọ ètò yìí dáadáa: ọmọ kékeré ń gbe orin, ọmọ ńlá ń wá ìtumọ̀, apàlọ́ kan náà ni ó ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tapestry of Grace tún fẹ ọgbọ́n yìí lójú, ó to ìpele mẹ́rin sí abẹ́ kókó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi ìgbàgbọ́ Kristẹni hun ún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kó kalẹ̀ lọ́sẹ̀ kan pọ̀ débi pé ìyá gbọ́dọ̀ lè sọ pé ó tó. Àbúrò mi kì í lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò kò gba àjùmọ̀ṣe. Olúkúlùkù ni yóò ka tirẹ̀, ìyá ni yóò sì máa yí po.

Ibi tí mo ti bá àbúrò mi jà ni Látìn. Ó ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un lójoojúmọ́ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wá Yorùbá nínú tábìlì àkókò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí i. Mo béèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyè ni kò sí."

Augustine wà lára àwọn tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọmọ àgbà láti kà. Ọmọ Áfíríkà ni ọkùnrin náà. Thagaste ni wọ́n ti bí i ní ọdún 354, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Nínú Confessions, ó sọ bí Látìn ti wọ òun lára lọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín àti eré, láìsí ẹgba. Gíríìkì ni wọ́n fi ìbẹ̀rù kọ́ ọ, ó sì kórìíra rẹ̀ tòun ti Homer. Ẹni tí ó bá fi Augustine ṣe àwòkọ́ṣe, tí ó sì gba èdè ìyá lẹ́nu ọmọ kí ó tó fi Látìn sí i, kò tíì ka Augustine yé.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Látìn àti Yorùbá kò lè gbé ilé kan. Thomas Babington Macaulay dá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọ C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Látìn, Gíríìkì àti lọ́jíìkì wà nínú ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ta ni àna rẹ̀? Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1852. Bàbá ìyàwó ń to gírámà Yorùbá, ọkọ ọmọ ń fi Látìn kọ́ ọmọ Èkó. Àwọn Kristẹni wa àkọ́kọ́ ti ṣe ohun tí àbúrò mi ń wá ní Houston, wọn kò sì yọ ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó mú èkejì.

Ìmọ̀ràn tí mo fi ránṣẹ́ kò gùn. Kí ó di ètò ọlọ́dún mẹ́rin Wise àti Bauer mú, kí ó sì fi tiwa kún un níbi tí ó bá ti ṣí sílẹ̀: àwọn orí idẹ Ifẹ̀ ní ọdún kejì, Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821 ní ọdún kẹta. Kí àbígbẹ̀yìn má tíì kọ́ Látìn. Kí àwọn méjì yòókù máa kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí ó fi wákàtí tí ó bá ṣẹ́kù fún odídẹrẹ́ ní ohun tí yóò kọ́ sórí: oríkì ìdílé wa, àti Sáàmù láti inú Bíbélì Yorùbá.

Ó gba ti Ifẹ̀, ó gba ti Crowther, ó gba ti Sáàmù. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, èyí àbígbẹ̀yìn ka Sáàmù kẹtàlélógún sí mi létí lórí tẹlifóònù láìwo ìwé. Ohùn rẹ̀ ṣì ń yọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè. Mo tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún un, ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ná. Ní ti Látìn, ìyá rẹ̀ kò gbà pẹ̀lú mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ṣì ń kọ́ ọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.