Lámèyítọ́ lórí Àwọn Ohun Àmúyẹ fún Oyè Másítà nínú Ẹ̀kọ́ Àyíká: Èdè Àwùjọ Dà?

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn. Ó gbé ènìyàn, ó gbé dúkìá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Láàrin ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti gba oyè Másítà lórí àyíká ní àwọn yunifásítì wa. Kì í ṣe pé a fẹ́ di ẹ̀bi omíyalé ru àwọn ọ̀mọ̀wé; àwa tí a ń da ìdọ̀tí sójú àgbàrá ní ìpín tiwa níbẹ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ǹjẹ́ àwọn ohun tí yunifásítì ń bèèrè kí ó tó fún ènìyàn ní oyè yìí bá iṣẹ́ tí ẹni náà yóò lọ ṣe mu? Èrò wa ni pé wọ́n bá a mu dé àyè kan, ṣùgbọ́n ohun pàtàkì kan kù. Ohun náà ni èdè àwọn tí wọ́n ń gbé inú àyíká ọ̀hún.

Ohun tí wọ́n ń bèèrè

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ti yege nínú iṣẹ́ márùn-ún nínú ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà lára wọn. Yóò ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ tí ó tan mọ́ àyíká, gẹ́gẹ́ bí jọ́gíráfì, ìmọ̀ ewéko tàbí ìmọ̀ ilẹ̀. Oyè náà kì í sì í sábà kéré sí ìpele kejì. Yóò mú ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ wá, tàbí èyí tí ó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ní NCE ní láti kọ́kọ́ lọ gba oyè àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, yóò gba ẹ̀kọ́, yóò ṣe ìdánwò, yóò ṣe ìwádìí, yóò kọ àpilẹ̀kọ, yóò sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò.

Ibi tí wọ́n ti lágbára

A kò gbọdọ̀ fi ojú tín-ín-rín wo àwọn ohun àmúyẹ wọ̀nyí. Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹ̀gbin olóró láti Ítálì wá dà sí Kókó, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Dẹ́tà òde òní. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun ṣe Òfin 58 tí ó dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká. Irú ọ̀ràn báyìí kọjá àmọ̀dunjú. Ojú lásán kò lè rí májèlé inú omi. Ẹni tí kò mọ ìṣirò àti kẹ́mísírì kò sì lè wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a dẹ ohun àmúyẹ wọ̀nyí lójú ń fi ẹ̀mí àwọn ará ìlú tafà.

Ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó

Òfin 86 ti ọdún 1992 là á kalẹ̀ pé kí a yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá kan yóò ní lórí àyíká wò kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará ìlú sì ní àǹfààní láti sọ èrò tiwọn. Àwọn tí wọ́n gba oyè yìí wà lára àwọn tí ń kọ irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Èdè wo ni ará oko yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀? Nínú àwọn ohun àmúyẹ tí a tò sókè yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àkùrọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìbéèrè rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, tí ó wá bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú oṣù Kejì bóyá ó ní 'ilẹ̀ tútù', àgbẹ̀ lè dáhùn pé rárá, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkùrọ̀ rẹ̀ wà létí odò, níbi tí ó ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Àbọ̀ ìwádìí yóò sọ pé kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá fi yanrìn dí i, tí ó kọ́lé lé e, omi tí ó ti ń sinmi níbẹ̀ yóò wá ibòmíràn lọ. Àṣìṣe èdè ti di omíyalé nìyẹn.

Àwọn kan lè sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún ìmọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé a kò tíì ní gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹgàn, ọ̀dàn, àbàtà àti àkùrọ̀ ti ní ìpìlẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, èèwọ̀ àti ìbọ̀wọ̀ ni ó kọ́kọ́ dáàbò bò ó kí òfin ìjọba tó dé. Àwọn mìíràn lè sọ pé èdè Nàìjíríà pọ̀ jù. Ìdáhùn wa ni pé èdè ibi tí ìwádìí ti wáyé ni a ń sọ: bí ó bá jẹ́ Kánò, kí ó jẹ́ Hausa.

A lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára Yunifásítì York ní Toronto, ilẹ̀ Kánádà, tí ó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àyíká sílẹ̀ ní ọdún 1968. Ohun tí a mọ oyè Másítà wọn mọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà alámòójútó, ni ó ń kọ ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Irú ètò báyìí fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gba kí ó kọ́ èdè.

Ìkádìí àti ìmọ̀ràn

Ohun mẹ́ta ni a ń dábàá. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ èdè tí ó fi fọ̀rọ̀ wá àwọn abẹ́nà ìmọ̀ lẹ́nu wò, àti ẹni tí ó ṣe ògbufọ̀ bí ó bá lò ó. Èkejì, kí àṣamọ̀ iṣẹ́ náà wà ní èdè ibi tí ó ti ṣèwádìí. Ẹ̀kẹta, kí ó padà lọ ka àbọ̀ náà fún àwọn tí wọ́n fún un ní ìmọ̀. Kò sí èyí tí yóò dín ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì kù nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ọ̀la kò ní láti dúró de yunifásítì. Orúkọ ilẹ̀, odò àti ewéko tí ẹ bá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́ yín lónìí ni ohun èlò tí olùwádìí ọ̀la yóò lò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.