Orúkọ Ìdílé ní Ojú Ọ̀nà Àgbádárìgì: Ibi tí Ìtumọ̀ Dé Dúró

Ìmọ̀ nípa orúkọ Yorùbá ti jinlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni ni ó jinlẹ̀ lé lórí ju orúkọ ìdílé lọ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ya orúkọ àmútọ̀runwá sọ́tọ̀ kúrò lára àbísọ àti oríkì, ó sì fi ọ̀rọ̀ orílẹ̀ kún un. Ní 1972, Modupe Oduyoye tú ìhun orúkọ palẹ̀. Ní 2003, Adeboye Babalola àti Olugboyega Alaba kó orúkọ ẹni jọ sínú ìwé atúmọ̀. Ìbéèrè tí ó ń darí púpọ̀ nínú iṣẹ́ irú èyí ni pé, gbólóhùn wo ni orúkọ yìí, kí ni ó sì túmọ̀ sí? Ìbéèrè náà dára. Àmọ́ ẹni tí ó bá gbé e dé Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko yóò rí i pé okùn rẹ̀ kò tó omi.

Ilẹ̀ Àwórì ni àgbègbè yìí. Ìtàn wọn sọ pé àwo ni Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ lé lójú omi títí tí àwo náà fi rì ní Ìṣẹri, pé ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba orúkọ wọn. (Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ìtumọ̀ ni ìtàn yìí náà fi ń ṣe ẹ̀rí orísun.) Bí a bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó bá àwọn Ògù pàdé, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, títí dé Àgbádárìgì. Ọjà Alábà kó àwọn Igbo wá sí Ọ̀jọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo wá. Nínú ìwé orúkọ kíláàsì kan ṣoṣo, Balógun, Hunsu àti Okafor lè tẹ̀ lé ara wọn.

Orúkọ Ògù ni ó kọ́kọ́ fi ibi tí ìtumọ̀ ti ń kọsẹ̀ hàn. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè náà lè pe Senami bí ẹni pé nínà ni wọ́n fẹ́ na ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí. Sẹ, Ẹlẹ́dàá, ni olùwà gbólóhùn náà. ‘Na’ ni fífún. ‘Mi’ ni èmi. Olúfúnmi gan-an ni, láti ọwọ́ aládùúgbò. Mautin náà ń sọ pé Mawu, Ọlọ́run, wà. Nítorí náà, ọ̀nà tí Oduyoye là kò kùnà ní ti ìhun. Ó lè kọjá sí èdè Ògù láìsí wàhálà. Ohun tí kò lè sọ ni ìdí tí Hunsu fi jẹ́ orúkọ ìdílé lónìí, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan péré.

Kálámù ni ó fa èyí. Kí ìwé tó dé, ẹ̀yà ìdílé Yorùbá ń fi orílẹ̀ mọ ara rẹ̀, kì í ṣe orúkọ bàbá-ńlá kan tí gbogbo ọmọ ń jẹ́. Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé ìwàásù. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó ya Àgbádárìgì kúrò lára Àjàṣẹ́, kálámù sì di méjì. Hunsu níhìn-ín, Hounsou lọ́hùn-ún. Mautin níhìn-ín, Mahoutin lọ́hùn-ún. Gilbert Houngbo, tí ó ṣe olórí ìjọba ní Tógò láti 2008 sí 2012, ń jẹ́ orúkọ tí a ń kọ ní Hungbo ní Àgbádárìgì. Ẹni tí ó bá ka irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ sí oríṣìíríṣìí ti jẹ́ kí akọ̀wé ìjọba ṣe ìtàn fún òun.

Èdè tí orúkọ ìdílé wà kì í ṣe ẹ̀rí orísun ìdílé. Ẹ̀rí ìgbà tí a kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àti ẹ̀rí ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Bí Èkó bá dá ẹnikẹ́ni lójú, ó yẹ kí èyí má ṣòro láti gbà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil. Orúkọ Potogí ni ó gbé bọ̀, òun ni ilé rẹ̀ sì ń jẹ́ ní Èkó. Lọ́nà òdì kejì, David Brown Vincent bọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní 1894, ó di Mojola Agbebi. Ìran àwọn méjèèjì kò yí padà.

Ní Harar, ní ìlà-oòrùn Ethiopia, odi yí ìlú àtijọ́ ká. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ara wọn ní ará ìlú ní èdè wọn, àwọn Somali àti Oromo sì jẹ́ aládùúgbò wọn. Ẹni tí ó bá ń wá bí orúkọ aládùúgbò ṣe wọ inú ìdílé níbẹ̀ ní ẹnu odi láti dúró sí. Okokomaiko kò ní odi. Títì márosẹ̀ ni ó ní, ó sì ṣòro láti mọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó ń kọjá. Ìdí nìyí tí orúkọ ìdílé fi wúwo níbẹ̀: òun ni wọ́n fi ń béèrè ẹni tí í ṣe ọmọ onílẹ̀.

Ìwúwo náà kì í sì í ṣe bákan náà fún gbogbo ènìyàn. T. Ola Avoseh, tí ó kọ ìtàn ṣókí nípa Àgbádárìgì ní 1938, fi orúkọ Yorùbá ṣáájú orúkọ Ògù, méjèèjì sì gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń fi ‘Ẹ̀gùn’ ṣe yẹ̀yẹ́, òbí lè fi orúkọ kejì yẹn pamọ́, kí ó fi orúkọ Yorùbá ṣe tìdílé. Bí olùwádìí bá wá fi orúkọ ka ẹ̀yà, yóò ka ọmọ náà mọ́ Yorùbá, yóò sì kọ̀wé pé Ògù kò pọ̀ ní ojú ọ̀nà yìí. Ìwádìí yóò ti parí iṣẹ́ tí yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Johnson ti ní irinṣẹ́ tí ó yẹ lọ́wọ́ nígbà tí ó fi orílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ìdílé kan ní Okokomaiko yóò ní láti béèrè èèwọ̀ ilé náà, ọdún tí orúkọ wọn kọ́kọ́ wọ ìwé, èdè akọ̀wé, àti orúkọ tí ìyá àgbà ń pe ọmọ nínú ilé nígbà tí àlejò kò sí níbẹ̀.