Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì àti Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ìwé Kíkà Nira Fún: Àtúngbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀

Ìfáàrà

Ní àkókò ìdánrawò ìkọ́ni kan, a lọ wo akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìrolù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ìbéèrè tí ó kọ sójú pátákó dá lórí oníṣòwò tí ó ní obì 45, tí ó sì ta 18 nínú rẹ̀. Iye tí ó kù ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin yóò wá. Ọmọkùnrin kan kọ 54, kò sì kọ ohun mìíràn mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ fún un ní òdo, àwa náà sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, a bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́nu. Lójú ẹsẹ̀ ni ó dáhùn pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Obì ni ìyá rẹ̀ ń tà.

A kò sọ pé ọmọ náà ní dyslexia. Àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ nìkan ni ó lè fi èyí hàn. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé kì í ṣe ìṣirò ni a dán an wò lọ́jọ́ náà. Ìwé kíkà ni a dán an wò, a wá kọ èsì rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ ìṣirò. Àṣìṣe yìí ni ó mú wa padà sí iṣẹ́ ìwádìí méjì tí àwọn olùkọ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀, láti bèèrè ohun tí wọ́n ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni a ń pè ní ìnira ìwé kíkà?

Ní ọdún 1896, dókítà ará Bìrìtìkó kan, W. Pringle Morgan, kọ nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kéékèèké, tí ó sì ń ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ọmọ yìí kan náà ṣe ìsọdipúpọ̀ 749 àti 867 kíákíá, ó sì gbà á. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́rìí pé bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ni, òun ni ì bá mọ̀wé jù nílé-ìwé náà. Ẹ̀rí yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ 'olódo' ni a ṣì ń pe irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì wa.

A gbọ́dọ̀ ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìnira ìṣirò gan-an, dyscalculia, tí Ladislav Kosc ṣàlàyé ní 1974. Ẹni tí dyscalculia ń bá jà kò rí òye iye gbá mú dáadáa, ìbáà jẹ́ ẹnu ni a fi bi í. Ọmọ kan lè ní ìkan nínú méjèèjì; ó sì lè ní méjèèjì pọ̀. Oògùn wọn kò dọ́gba. Olùkọ́ tí kò bá bèèrè ìbéèrè lẹ́nu kò lè mọ èyí tí ó ń bá jà.

Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀

Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ni ó ṣe dáadáa jù, ìwé tí a gbé jáde lórí rẹ̀ ní 1989 sì fi ìdí èyí múlẹ̀.

A kò jiyàn èyí. Àríwísí wa ni pé ẹgbẹ́ kan ni a fi wé ẹgbẹ́ kejì. Èsì ẹgbẹ́ kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Èdè abínibí mú ẹrù àìgbédè kúrò lórí ọmọ. Kò mú ẹrù ìwé kíkà kúrò. Àpẹẹrẹ kan ni 'igba', 'igbá' àti 'ìgbà'. Bí ìwé ìṣirò kò bá fi àmì ohùn sí i, ọmọ tí ó ń ka ìwé geere yóò fi òye gbólóhùn mọ̀ pé iye ni à ń sọ. Ọmọ tí ó ń fi ipá ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní àyè láti ronú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fífi àmì sórí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ àwọn onímọ̀ èdè nìkan.

Òǹkà Yorùbá: ìrànwọ́ tàbí ìdènà?

Adolphus Mann ní 1887 àti Robert Armstrong ní 1962 ti yẹ òǹkà wa wò. Ẹ jẹ́ kí a wo 45, márùndínláàádọ́ta. Ó jẹ́ 50 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. 50 fúnra rẹ̀ jẹ́ 60 tí a yọ 10 kúrò. 60 sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Ọmọ tí kò lè di ohun púpọ̀ mú sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà yóò gbọ́ 'márùn-ún' ṣáájú, ó sì lè kọ 54 tàbí 55. Ẹni tí ó bá ní òǹkà Yorùbá rọrùn fún gbogbo ọmọ ń tan ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mann fi yé wa pé orí owó ẹyọ tí a ń kà nílẹ̀ ni òǹkà yìí ti wá: a ó ṣa á ní márùn-ún márùn-ún, a ó kó o jọ ní ogún ogún. Bí a bá to obì sí òkìtì ogún mẹ́ta, tí a yọ mẹ́wàá, tí a tún yọ márùn-ún, 45 ti di ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì bà. Orí ìwé nìkan ni ó ti le. Àwa olùkọ́ ni a mú òǹkà kúrò nílẹ̀ tí a sì gbàgbé láti mú obì dání.

Ìwé Helen Verran

Helen Verran, ará Ọsirélíà tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀, gbé Science and an African Logic jáde ní 2001. Ó ròyìn olùkọ́ kan tí ó fún àwọn ọmọ ní okùn láti wọn ẹsẹ̀ ara wọn, kí wọ́n sì wé okùn náà mọ́ páálí kékeré tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí ó yí i ká. Ohun tí ìwé náà ń wá ni bóyá èrò Yorùbá nípa iye yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè ńlá ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ó ṣeyebíye jù nínú ìtàn náà ni ohun tí ìwé náà kò dúró lé lórí: ọmọ tí kò mọ̀wé kà lè ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì yẹn ní àṣeyọrí.

Ojúṣe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni

Ní 1977 ni Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fún ẹ̀kọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà láyè, ọdún náà sì ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya àwọn tí ó ní ìpèníjà sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ìjọba fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni ní 2022, ó sì fagi lé e ní 2025. Òfin kò lè gba ọmọ tí olùkọ́ kò dá mọ̀. Bí ìlànà èdè sì ti ń yí, ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò yí: kí ó ka ìbéèrè ìṣirò sókè, kí ó gba ìdáhùn ẹnu, kí ó ya máàkì ìṣirò kúrò lára máàkì ìwé kíkọ, kí ó fi gbólóhùn kúkúrú kan gbé èrò kan, kí ó mú ohun tí ọwọ́ lè bà wá sí kíláàsì kí ó tó kọ àmì sójú pátákó.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní ìka kò dọ́gba. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń gé èyí tí ó kúrú sọnù. Iṣẹ́ Ifẹ̀ dáhùn ìbéèrè èdè wo ni a ó fi kọ́ ọmọ. Ìbéèrè tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni ọ̀nà wo ni ọmọ yóò gbà fi ohun tí ó mọ̀ hàn wá. Ní ti ọmọ Ìrolù yẹn, a padà, a pa òdo náà rẹ́, a sì kọ máàkì rẹ̀ sí i. Iye àwọn òdo tí a ti fọwọ́ sí ṣáájú rẹ̀ ni a kò lè kà.