Ọwọ́ Tó Mọ Omi Oníyọ̀

Oòrùn Florida kì í ṣe oòrùn kékeré, omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé sì tètè ń bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo kan sáárá sí ẹni tó ń tọ́jú èyí tó jẹ́ oníyọ̀ tí omi rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Iyọ̀ kọ́ ló ń pa kòkòrò níbẹ̀ o. Kílórínì ni. Iná mànàmáná inú ẹ̀rọ ló ń fà á yọ lára iyọ̀.

Ìdánwò omi ló dùn ún wò jù. Olùtọ́jú á ti apá bọ omi dé ìgúnpá, nítorí omi ojú òkè kò jọ ti ìsàlẹ̀. Á bu mílílítà 10, á da ẹ̀tù sí i, omi á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Á wá máa kán oògùn sí i díẹ̀díẹ̀, á máa mì í, títí àwọ̀ náà á fi pòórá. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ìwọ̀n kílórínì nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n omi. Bí ẹ̀kán bá pé 6, ìwọ̀n 3 nìyẹn, ó sì dára.

Bí kílórínì bá lọ sílẹ̀, olùtọ́jú kò ní sáré yí ẹ̀rọ sókè. Ṣé oòrùn ló jẹ ẹ́? Ṣé ásíìdì tó ń ṣíji bo kílórínì ti dínkù? Àbí ẹfun ti lẹ̀ mọ́ irin inú ẹ̀rọ? pH pàápàá a máa gòkè ṣáá nínú omi oníyọ̀. Á rọra fi ásíìdì mìíràn fà á padà sí nǹkan bí 7.5.

Sùúrù yẹn ni mo gbóríyìn fún jù. Òun ni kì í jẹ́ kí omi ta ọmọ tó mòòkùn lójú.