Sàdáńkátà fún Atagéèmù Ẹlẹ́fẹ̀

Ẹni tó mọ géèmù bọ́ọ̀lù í ta, mo máa ń yẹ́ ẹ sí. Àmọ́ ẹni tó ń ta á, tó tún ń gbà á sílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́, òun gan-an ni mò ń kan sáárá sí.

Ní Awóyè níbí, létí òkun Ìlàjẹ, jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣáàjì fóònù, dátà kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Dream League Soccer: ó ṣeé ta láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti orí Android 11 tó jáde lọ́dún 2020, ètò tí ń gba ohun ojú fóònù sílẹ̀ ti wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ ló kù. Bí o bá dá fóònù dùbúlẹ̀ láti ta, àtẹ́lẹwọ́ a máa bo ihò tó ń gbohùn. Ọ̀jáfáfá á ṣí ọwọ́ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ohùn á sì já gaara, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá gbà (kì í sábà gbà).

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo kà sí jù. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ̀ ṣẹ̀sín bó ti ń jẹ ẹ́. Irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ fídíò géèmù. Kí ló dé tí àwọn kan fi ń fimú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó? Ẹni tó bá fi èdè Ìlàjẹ bú golí tó fọwọ́ lẹ́rán, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Fídíò gígùn a máa kún inú fóònù, nítorí náà ọ̀gá kì í tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ó ń gé e títí yóò fi ku góòlù àti yẹ̀yẹ́ tó tẹ̀lé e.