Orí, Ọwọ́ àti Sìgá: Àríwísí lórí Ìwọ̀n Ìkáwọ́ Ìlera

Ìwọ̀n tí Wallston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1978 ní gbólóhùn 18, mẹ́fà mẹ́fà sí òpó mẹ́ta: ìlera mi wà níkàáwọ́ ara mi, ó wà lọ́wọ́ àwọn alágbára bíi dókítà, tàbí èèṣì ló ń darí rẹ̀. Inú iṣẹ́ Rotter (1966) ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Rotter tọ́ka sí Straits àti Sechrest (1963), tí wọ́n rí i pé àwọn tí kì í mu sìgá gbà ju àwọn tó ń mu ún lọ pé ọwọ́ àwọn fúnra àwọn ni ọ̀rọ̀ àwọn wà. Lẹ́yìn ìròyìn ìjọba Amẹ́ríkà lórí sìgá ní 1964, James, Woodruff àti Werner rí irú rẹ̀ lára àwọn ọkùnrin tó jáwọ́. Láàárín àwọn obìnrin, ìyàtọ̀ náà kò fìdí múlẹ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti mú wa fura.

Ohun tó kan àwa onímọ̀ èdè bẹ̀rẹ̀ níbi ìtumọ̀. Bí a bá tú ohun tí èdè Faransé ń pè ní *chance* sí oríire, bí ọ̀pọ̀ yóò ti ṣe láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ti gbé orí sínú òpó èèṣì nìyẹn. Ṣé ará ìta ni orí ẹni? Olúwarẹ̀ ló kúnlẹ̀ tó yàn án, ni wọ́n ṣe ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń sọ àkúnlẹ̀gbà, èyí tí a kàn fún un. Nítorí náà, ẹni tó ní “orí mi ló kó mi yọ lọ́wọ́ sìgá” ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àti ohun tó ju ara rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n yìí yóò kà á sí ẹni tó gbà pé èèṣì ló ń darí ìlera òun. Lójú tèmi, ìtumọ̀ ló dá a lẹ́bi, kì í ṣe ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Gírámà pẹ̀lú lè tàn wá. Amusìgá á ní “ó ti mọ́ mi lára”: sìgá ni olùwà, èmi wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Bẹ́ẹ̀ náà la ń sọ pé ebi ń pa wá, òùngbẹ ń gbẹ wá, kò sì sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn sọ pé Yorùbá ò gbà pé èèyàn lè wá oúnjẹ jẹ. Ẹni kan náà á tún ní kí òun kó ara òun níjàánu, gbólóhùn tó sọ èèyàn di ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin pa pọ̀. Òpó wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ìyẹn?

Àríwísí kejì wá láti ilẹ̀ Faransé. Dubois (1987) fi hàn pé ìdáhùn “ọwọ́ mi ló wà” ni àwùjọ ń yìn. Ta ló fẹ́ sọ òmíràn níwájú nọ́ọ̀sì tó mú bíìkì dání? Kí a má purọ́ mọ́ Wallston o: ní 1992 òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ yìí nìkan kò tó láti sọ ohun tí èèyàn yóò ṣe, àfi bí a bá tún wo bí ìlera ti ṣe pàtàkì sí i tó, àti bóyá ó gbà pé òun lè ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lo ìwọ̀n yìí ní Kétu tàbí Ṣábẹ, kó kọ òpó kẹta ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú èèṣì, ọ̀kan pẹ̀lú orí, kó sì fi méjèèjì bi àwọn amusìgá kan náà. Bí ìdáhùn orí bá ń bá ti ọwọ́ rìn ju ti èèṣì lọ, ó di dandan kí a la òpó náà sí méjì.